Bí a ṣe ń to bátìrì àti ínfátà sínú bọ́ọ̀sì ìtajà

Bọ́ọ̀sì HiAce tí wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n gbé fìrísà, bílẹ́ńdà àti fáànù sí, ṣọ́ọ̀bù ni, àfi pé kò sí òpó NEPA níbi tó bá dúró. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé sẹ́yìn rẹ̀ ń pariwo, ó ń jẹ epo, èéfín rẹ̀ sì ń lé oníbàárà. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fi bátìrì líthíọ̀mù, ínfátà (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná NEPA) àti sóólà rọ́pò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń ta ohun mímu tútù àti èso lílọ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni a máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń gẹrun tàbí tó ń tẹ̀wé nínú mọ́tò lè tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Iye rẹ̀ nìkan ló máa yàtọ̀.

Bátìrì kọ́ ló sábà ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Mítà kan ààbọ̀ wáyà tó wà láàárín bátìrì àti ínfátà ni. Ìdí nìyẹn tí a fi máa pẹ́ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

Ìṣirò kí ẹ tó lọ sọ́jà

Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ohun èlò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye wáàtì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi iye wákàtí tó máa ṣiṣẹ́ lóòjọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ máa rí ni Wh (wáàtì-wákàtí), òun sì ni owó tí bátìrì ń ná.

Fìrísà kékeré tó ń lo wáàtì 90 kì í ṣiṣẹ́ láìdúró. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó ń sinmi. Bí ẹ bá fún un ní wákàtí 6 nínú 12, Wh 540 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kó ohun mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i ní ọ̀sán gangan, kò ní sinmi mọ́, iye yẹn á sì di ìlọ́po méjì. Ilé ni kí wọ́n ti tutù wá. Bílẹ́ńdà wáàtì 600 tí ẹ fi lọ̀ ife 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, wákàtí kan péré ló fi ṣiṣẹ́: Wh 600. Gílóòbù LED mẹ́rin, wáàtì 9 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5: 180. Fáànù wáàtì 50 fún wákàtí 8: 400. Fóònù àti ẹ̀rọ POS, ẹ fún wọn ní 60. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1780.

Ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹun. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń di ooru, ó sì ń jẹ bí wáàtì 20 lásán bí a bá ti tàn án, kódà kí nǹkan kan má so mọ́ ọn. Nítorí náà 1780 di nǹkan bí 1980, wáàtì 20 fún wákàtí 12 sì fi 240 lé e. Wh 2220 lẹ máa ná lóòjọ́.

Bátìrì líthíọ̀mù irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, tó jẹ́ fólítì 12.8 àti 200 Ah (ámpù-wákàtí), ní Wh 2560 nínú. Ẹ má ṣírò ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ, ìyẹn 2050. Ó kù díẹ̀ kó tó. Páńẹ́ẹ̀lì sóólà orí bọ́ọ̀sì ló máa dí àlàfo yẹn: wáàtì 400 tó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí òrùlé lè mú nǹkan bí Wh 1200 wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, tí ojú ọ̀run Èkó máa ń ṣú ṣáá, bí ẹ bá rí ìdajì rẹ̀ kí ẹ dúpẹ́. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò àti iná NEPA lóru ló máa ń san ìyókù.

Wáàtì ni kí ẹ béèrè, ẹ fi kVA sílẹ̀

Fìrísà wáàtì 90 kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wáàtì 90. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń ta gìrì, ó lè fa 500 sí 700. Bí bílẹ́ńdà bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní àkókò yẹn, a lè kọjá 1200. Ínfátà wáàtì 1500 ló bá bọ́ọ̀sì yìí mu.

Lọ́jà wa, 1.5 kVA tàbí 2.5 kVA ni wọ́n máa ń kọ sára páálí. Ínfátà 1.5 kVA tí power factor rẹ̀ (ìdá kVA tó ń di wáàtì gidi) jẹ́ 0.8 kò lè gbé ju wáàtì 1200 lọ. Ẹ rí i pé wọ́n kọ pure sine wave (iná tó dán bíi ti NEPA) sí i lára. Èyí tí wọ́n kọ modified sí dínwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ń kùn bí oyin lórí rẹ̀, ó máa ń gbóná, kì í sì í pẹ́ kú.

Ẹ wá fi ínfátà bá bátìrì ṣe pọ̀. Wáàtì 1500, bí ẹ bá pín in sí fólítì 12, tí ẹ sì ka ohun tí ínfátà ń sọ nù mọ́ ọn, ó di ámpù 139. Nínú bátìrì líthíọ̀mù ni BMS wà, òun ni ẹ̀ṣọ́ tó ń já iná bí nǹkan bá ti ju agbára lọ. Ọ̀pọ̀ bátìrì 200 Ah ni BMS rẹ̀ jẹ́ ámpù 100 péré, tí kò lè ju nǹkan bí wáàtì 1280 lọ. Ẹni tó ra irú èyí máa rò pé ínfátà òun ló bàjẹ́. Ẹ béèrè BMS ámpù 150 ó kéré tán; 200 dára jù.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ gbé bá ju wáàtì 2000 lọ, ẹ lọ sí fólítì 24. Ámpù á dín sí ìdajì, ooru inú wáyà á sì dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Lọ́jà

Ohun tí ẹ máa rà: bátìrì kan, ínfátà kan, ṣájà DC-DC ámpù 30 (èyí tó ń gba iná láti bátìrì mọ́tò), kọ́ńtírólà MPPT (èyí tó ń darí iná páńẹ́ẹ̀lì lọ sí bátìrì) tó jẹ́ fólítì 100 àti ámpù 30, páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 200 méjì, ṣájà NEPA ámpù 30 tó ní ètò líthíọ̀mù, shunt (ẹ̀rọ tó ń ka iná tó ń wọ bátìrì àti èyí tó ń jáde) pẹ̀lú ojú rẹ̀, busbar kọ́pà méjì (ọ̀pá kọ́pà tí ọ̀pọ̀ wáyà ti ń pàdé), súìṣì bátìrì ámpù 300, fíúsì, wáyà àti lọ́ọ̀gì (irin olójú ihò tí a ń tẹ̀ mọ́ orí wáyà kí bóòtù lè gbà á).

Ẹ má gbé bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní tubular sínú mọ́tò tó ń rìn. 200 Ah rẹ̀ wúwo tó kílò 60, ìdajì rẹ̀ nìkan lẹ lè ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀jẹ̀gẹ́, ásíìdì rẹ̀ ń dà ní gbogbo ihò títì, gáàsì tó ń tú jáde lára rẹ̀ bí ó bá ń gba iná sì lè gbiná. Líthíọ̀mù tó tó o wúwo bí kílò 20 sí 25. Bí wọ́n bá gbé líthíọ̀mù 200 Ah fún yín tó jẹ́ kílò 12, ẹ dá a padà.

Ìwọ̀n nìkan kò tó. Ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gba iná sí bátìrì náà títí ó fi kún, ẹ so ohun tó ń lo wáàtì 200 mọ́ ọn, kí ẹ sì máa ka wákàtí. Èyí tó pé máa ṣiṣẹ́ fún bí wákàtí 11 kó tó kú. Bí ó bá kú ní wákàtí 5 tàbí 6, 100 Ah ni wọ́n lẹ 200 mọ́ lára.

Wáyà ni ayédèrú pọ̀ sí jù. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan nínú àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀. Bí pupa bá ṣí kúrò tí funfun yọjú, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà kùn ni. Kò lè gbé iye ámpù tí kọ́pà gidi ń gbé, ó sì máa ń jẹrà níbi tó bá ti kan lọ́ọ̀gì, pàápàá létí òkun. Wáyà tí wọ́n fi ń jọ́ńpù mọ́tò sábà máa ń jẹ́ irú rẹ̀, bó ti wù kó nípọn tó. Wáyà tí ẹ fẹ́ ni èyí tí okùn inú rẹ̀ pọ̀ tó sì rọ̀, irú tí àwọn wẹ́dà ń lò.

Ibi tí nǹkan máa jókòó sí

Nínú HiAce, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Ẹ má gbé bátìrì tì í. Líthíọ̀mù kò fẹ́ ooru. BMS máa kọ̀ láti gba iná bí inú rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n 55 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú bọ́ọ̀sì tó sì dúró sínú oòrùn oṣù kẹta lè ti sún mọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó tan ohunkóhun. Àárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló dára jù, nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ ṣe àpótí tó ní ihò nísàlẹ̀ àti lókè, kí ẹ sì fi fáànù kékeré fólítì 12 irú ti inú kọ̀ǹpútà fẹ́ ooru jáde.

Ínfátà máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, kò gbọdọ̀ jù mítà kan ààbọ̀. Ẹ fi àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn fáànù rẹ̀. Ẹ má gbé e sábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń da omi èso.

Bí ẹ bá ń dáná nínú bọ́ọ̀sì, sílíńdà gáàsì kò gbọdọ̀ bá bátìrì gbé inú àpótí kan náà. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ́ lọ, ilẹ̀ náà sì ni súìṣì àti fíúsì yín wà. Ibi tí ilẹ̀kùn tirẹ̀ ṣí síta ni kó wà, pẹ̀lú ihò nísàlẹ̀.

Kí ẹ tó fi dírìlì kan ilẹ̀ bọ́ọ̀sì, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó. Páìpù epo àti páìpù bíréèkì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi bóòtù 8 mm mẹ́rin de àpótí náà mọ́ irin, pẹ̀lú wáṣà fífẹ̀ lábẹ́, kì í ṣe mọ́ pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Kílò 25 tó bá já nígbà tí dírẹ́bà tẹ bíréèkì lójijì, ẹ̀yìn dírẹ́bà ló máa bá.

Wáyà ńlá

Láti bátìrì dé ínfátà jẹ́ mítà kan ààbọ̀. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 3. Bí ámpù 139 bá gba wáyà 16 mm² kọjá, fólítì 0.46 máa sọ nù lójú ọ̀nà, wáyà yẹn á sì máa sọ wáàtì 63 di ooru. Ẹ fojú inú wo gílóòbù ayé àtijọ́ wáàtì 60 tó ń jó lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Lórí 50 mm², fólítì 0.15 àti wáàtì 20 ni. 50 mm² ni kí ẹ lò. Ẹni tó bá sọ pé 16 ti tó nítorí pé òun ti fi ṣe é rí kò tíì gbé bílẹ́ńdà àti fìrísà pọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ gé wáyà náà, ẹ bó orí rẹ̀ débi tí kọ́pà yóò fi kún inú lọ́ọ̀gì, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ oníhàídírọ́líìkì tẹ̀ ẹ́. Òòlù kò ṣe é. Léèdì nìkan náà kò ṣe é: bí ojú ibẹ̀ bá gbóná yóò yọ́, ibi tí léèdì náà sì dúró sí ni wáyà máa ń ṣẹ́ sí bí mọ́tò bá ń gbọ̀n. Ẹ fi lọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ ṣe ìdánwò: ẹ fi sọ́ọ̀ irin gé e sí méjì lágbede méjì, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ó bá dára, ẹ kò ní rí okùn wáyà kankan mọ́, odidi kọ́pà kan ṣoṣo tó dán ni yóò jẹ́. Bí ẹ bá ṣì rí ihò dúdú láàárín okùn, ìtẹ̀ kò tó, tàbí lọ́ọ̀gì fẹ̀ ju wáyà lọ.

Bí ẹ ṣe ń to nǹkan sórí bóòtù ṣe pàtàkì. Ojú lọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ kan ojú bátìrì tàbí busbar ní tààràtà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wáṣà, lẹ́yìn náà wáṣà oníspíríìngì, kí nọ́ọ̀tì tó dé. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń ki wáṣà sí àárín lọ́ọ̀gì àti bátìrì. Irin tí kì í dípẹtà kò fẹ́ràn láti gbé iná, ibẹ̀ ló sì máa ń yọ́ rọ́bà orí bátìrì.

Fíúsì: irú tí wọ́n ń pè ní Class T, ámpù 200, lórí wáyà pọ́sítíìfù, láàárín sẹ̀ǹtímítà 18 sí bátìrì. Ìwọ̀nba wáyà tó ṣáájú fíúsì ni kò ní ẹ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kó kúrú. Bí wáyà bá kan ara wọn, bátìrì líthíọ̀mù lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ámpù jáde lẹ́ẹ̀kan. Fíúsì olówó pọ́ọ́kú tó já lè jẹ́ kí iná fò kọjá lójú ibi tó ti já náà, kó sì máa jó lọ. Bákan náà ni bíréékà ilé tí wọ́n ṣe fún iná NEPA: iná NEPA ń dé òdo ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni mọ̀nàmọ́ná inú bíréékà ti ń kú. Iná bátìrì kì í dé òdo.

Lẹ́yìn fíúsì ni súìṣì, lẹ́yìn súìṣì ni busbar pọ́sítíìfù. Níhà nẹ́gẹ́tíìfù, bátìrì, shunt, busbar. Kò sí wáyà nẹ́gẹ́tíìfù míràn tó gbọdọ̀ kan orí bátìrì fúnra rẹ̀ àfi ti shunt. Láti busbar nẹ́gẹ́tíìfù, ẹ fa wáyà 25 mm² kan lọ síbi irin ara mọ́tò, kí ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin á fi dán.

Ìsopọ̀, lẹ́sẹẹsẹ

Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Ẹ fi téèpù yí ara sípánà, kí orí rẹ̀ nìkan ṣí sílẹ̀. Sípánà tó bá kan orí méjèèjì bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà máa lẹ̀ mọ́ ọn, á sì pọ́n wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ yín.

1. Súìṣì bátìrì wà ní pípa, ínfátà wà ní pípa, fíúsì kò sí níbẹ̀.
2. Ẹ so wáyà méjèèjì mọ́ ínfátà, kí ẹ tún wo àwọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.
3. Ẹ so nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ busbar, mọ́ shunt, mọ́ bátìrì.
4. Ẹ so pọ́sítíìfù mọ́ bátìrì, kí ẹ fi fíúsì sí i. Súìṣì ṣì wà ní pípa.
5. Ẹ mú gílóòbù tráfíkétọ̀ fólítì 12 kan tí ẹ ti so wáyà mọ́, kí ẹ fi kan bóòtù méjèèjì súìṣì náà. Yóò tàn yòò, á sì rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú.
6. Ìgbà tó bá kú lẹ tó lè tan súìṣì.

Inú ínfátà ní kàpásítọ̀ (ohun kékeré tó ń gba iná pa mọ́) tó ṣófo. Bí ẹ bá tan súìṣì lójijì, wọ́n á mu iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ó gbọ́ “pàà!”, ojú súìṣì á sì jó. Gílóòbù ń fún wọn mu ní díẹ̀díẹ̀. Ó tún ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́: bí ó bá ń tàn lọ tí kò rẹlẹ̀, ẹ ti gbé pọ́sítíìfù sí ẹ̀yìn, tàbí wáyà kan ń kan ara mọ́tò. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ wá a rí.

Láti ara ẹ́ńjìnnì

Rìwáyà kan lè sọ fún yín pé kí ẹ fa wáyà kan láti bátìrì mọ́tò lọ bá líthíọ̀mù, ó parí. Ẹ má gbà. Líthíọ̀mù máa ń gba gbogbo ohun tí ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná lára ẹ́ńjìnnì) bá ní. Nínú go-slow, ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fáànù ọ́tánétọ̀ náà ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, iná tó ń fà jáde sì pọ̀ jù. Láìpẹ́, dáyóòdù rẹ̀ á jó. Ṣájà DC-DC ámpù 30 ló ń sọ pé “èyí tó o lè gbà nìyí”. Ó máa fa bí ámpù 37 lára bátìrì mọ́tò. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ́tánétọ̀ yín. Kí ohun tí ṣájà ń fà má ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Wáyà 16 mm² ni kí ẹ fà láti iwájú, pẹ̀lú fíúsì ámpù 60 nítòsí bátìrì mọ́tò àti fíúsì ámpù 40 nítòsí líthíọ̀mù. Méjèèjì pọn dandan, nítorí pé bátìrì wà ní ìhà méjèèjì. Níbi tí wáyà bá ti gba inú irin kọjá, ẹ fi rọ́bà sí ihò náà. Ẹnu irin máa ń gé wáyà bí ọ̀bẹ láàárín oṣù díẹ̀. Kí wáyà jìnnà sí ẹ́gísọ́ọ̀sì.

Wáyà tín-ín-rín tó ń jí ṣájà gbọ́dọ̀ wá láti ibi tó ń ní iná kìkì nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON. Wákàtí méjì lójú pópó Ìkòròdú lè dá bí Wh 800 padà. Ẹ rí i pé go-slow náà wúlò díẹ̀.

Orí òrùlé

Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 200 irú ti fólítì 12 máa ń ní bí fólítì 24 nígbà tí nǹkan kan kò bá so mọ́ ọn. Méjì ní ìtẹ̀léra jẹ́ 48, ó sì wà lábẹ́ 100 tí MPPT lè gbà. Wáyà 6 mm² ti tó. Ṣùgbọ́n bí ibi tí ẹ máa ń dúró sí bá ní igi tàbí òpó tó ń da òjìji sórí apá kan, ẹ so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́, kí èyí tó wà nínú oòrùn lè máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Abẹ́ máńgòrò tó tutù dára fún oníbàárà. Fún páńẹ́ẹ̀lì, ebi ni.

Ẹ fi irin gbé wọn sókè ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 kúrò lára òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọn. Páńẹ́ẹ̀lì tó gbóná kì í mú iná tó bẹ́ẹ̀ wá. Ẹ fi gọ́ọ̀mù polyurethane dí ẹsẹ̀ bóòtù kọ̀ọ̀kan, nítorí silikónì lásán kì í pẹ́ tú nínú oòrùn àti ìgbọ̀nrìrì.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ MPPT, nípasẹ̀ fíúsì ámpù 40 àti wáyà 10 mm², kí páńẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń tú u, páńẹ́ẹ̀lì ni kí ó ṣáájú. Kọ́ńtírólà tó bá rí iná páńẹ́ẹ̀lì láìrí bátìrì lè ka fólítì náà sí 24 tàbí kó jó.

Ìhà fólítì 230

Láti ínfátà, ẹ gba inú RCD 30 mA (ẹ̀ṣọ́ tó ń já iná bí ó bá ń gba ara èèyàn kọjá) àti bíréékà ámpù 10 kí ẹ tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáyà 2.5 mm² tó rọ̀ ni kí ẹ lò. Wáyà olókùn kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò nínú ilé máa ń ṣẹ́ nínú mọ́tò. Ẹ so ibi ilẹ̀ (earth) ínfátà mọ́ ara mọ́tò. RCD kò lè ṣiṣẹ́ bí nútírà ínfátà kò bá so mọ́ ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ínfátà kékeré sì ni kò so ó. Ẹ ka ìwé rẹ̀: bí ó bá gbà kí ẹ so ó, ẹ so ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣáájú RCD. Bí ìwé náà bá ní kí ẹ má so ó, ẹ má dán an wò, torí pé inú rẹ̀ á jó.

Fún NEPA, ṣájà ọ̀tọ̀ ni mo fara mọ́, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì inú bọ́ọ̀sì á máa gba iná láti ọ̀dọ̀ ínfátà nígbà gbogbo. Iná díẹ̀ máa ṣòfò, ṣùgbọ́n iná NEPA àti ti ínfátà kò ní pàdé láéláé. Bí ẹnikẹ́ni bá fi NEPA kan ẹnu ọ̀nà tí ínfátà ti ń jáde, ínfátà náà ti di páálí. Ẹ kọ ọ́ sára ṣájà yìí gàdàgbà pé kí wọ́n má fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì inú bọ́ọ̀sì: bátìrì á máa gba iná lọ́wọ́ ara rẹ̀, á sì tán.

Ámpù 30 náà nídìí. Ṣájà yẹn ń fa bí wáàtì 510, èyí tí jẹnẹrétọ̀ “I better pass my neighbour” lè gbé lọ́jọ́ tí NEPA kò bá dé rárá. Ṣájà ámpù 60 á fa wáàtì 1000, á sì pa á ní wéré.

Ètò tí ẹ máa tẹ̀ sí wọn

Lórí MPPT, ṣájà DC-DC àti ṣájà NEPA: fólítì 14.2 fún kíkún, 13.5 fún float (ìdúró lẹ́yìn tó bá ti kún), equalize ní pípa. Equalize tí wọ́n ṣe fún bátìrì olómi lè gun fólítì 15 kọjá, BMS á sì já. Lórí ínfátà, bí ó bá gbà, kó pa ara rẹ̀ ní fólítì 12.0; bí ẹ bá fi sílẹ̀ sí 10.5, BMS lè ṣáájú rẹ̀ já. Lórí shunt, ẹ tẹ 200 Ah.

Ìdánwò

Ẹ gba iná sí bátìrì títí ó fi kún. Ẹ so áyọ́ọ̀nù wáàtì 1000 mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi mítà wọn fólítì lórí bátìrì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́ lórí ínfátà gan-an. Bí ìyàtọ̀ bá ju 0.3 lọ, oríkèé kan kò dára. Ẹ máa fi orí mítà tẹ̀ lé ọ̀nà náà: lára bóòtù bátìrì àti lára lọ́ọ̀gì tó wà lórí rẹ̀, ìhà méjèèjì fíúsì, ìhà méjèèjì súìṣì. Ibi tí nọ́ńbà bá ti fò sókè ni. Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọwọ́ yín kò lè dúró lé, ẹ tú u, ẹ tún un tẹ̀.

Bí nǹkan bá yíwọ́

Ínfátà ń ké bí bílẹ́ńdà bá bẹ̀rẹ̀, bátìrì sì kún: wáyà tàbí oríkèé ni, ẹ padà sí ìdánwò òkè yìí.

Gbogbo nǹkan kú lẹ́ẹ̀kan, mítà sì ń ka òdo lórí bátìrì: BMS ló já. Ẹ yọ gbogbo ẹrù, ẹ so ṣájà mọ́ ọn, á jí. Bí ọ̀sán ló bá ṣẹlẹ̀, tí àpótí sì gbóná, ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Shunt sọ pé ó ku ìdá 60, iná sì tán: ẹnìkan ti so nẹ́gẹ́tíìfù kan mọ́ orí bátìrì láìgba shunt, ìdí tó sábà máa ń jẹ́ nìyẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí bátìrì náà ti kún dé òkè gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó kún, nọ́ńbà á tọ́.

Mọ́tò kò jí láàárọ̀: wáyà tó ń jí ṣájà DC-DC wà lórí iná tí kì í kú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lójú títì, ẹ fún gbogbo nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí bọ́ọ̀sì máa dúró fún oṣù mélòó kan, ẹ fi bátìrì sílẹ̀ ní bí ìdá 50 sí 60, ẹ bo páńẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì pa súìṣì ńlá, torí pé wáàtì 20 tí ínfátà ń jẹ lásán yẹn lè gbá a gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.